Ta Ló Ń Ka Ìwé Afọ́jú ní Mamobi?

Kí fóònù tó mọ̀wé kà, ọmọdé ló ń kàwé fún afọ́jú ní Mamobi, ní Accra. Kò sí afọ́jú tó ń ṣòwò tàbí tó ń rìnrìn àjò tí kò ní ọmọ kan tó yàn fún iṣẹ́ náà: ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò, ọmọ àjọgbélé. Ọmọ náà ni yóò fà á lọ́wọ́ lọ sí ọjà Nima, òun ni yóò mú un dé mọ́ṣáláṣí, bí lẹ́tà bá sì ti ilé dé, òun náà ni yóò ja á, tí yóò kà á. A kì í wo bí ọmọ ṣe mọ̀wé tó nìkan kí a tó yàn án. Ẹnu rẹ̀ là ń wò. Ẹni tó ń ka lẹ́tà rẹ mọ gbèsè ọrùn rẹ, ó mọ ìyàwó tó ń bínú sí ọ, ó sì máa ń mọ ẹni tó kú kí ìwọ tó mọ̀. Èmi náà yan ọmọ bẹ́ẹ̀, mo sì lé òmíràn dànù, nítorí ohun tó bá kà fún mi lówùúrọ̀, àwọn aláta ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó wọ̀.

Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ update fóònù fi ń bí mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ lójú àwọn ọmọ mi. Wọ́n ní fóònù ta ni kì í dá irú wàhálà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Bí update bá ba tiwọn jẹ́, ó lè máa lọ́ra, ó lè máa gbóná, wọn a bú u, wọn a sì máa lò ó lọ. Bó bá ba tèmi jẹ́, mo tún ti padà sọ́wọ́ ọmọ tó ń ka lẹ́tà nìyẹn.

Mamobi ò jìnnà sí Nima àti Kotobabi, kò sì jìnnà sí Accra New Town, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Lagos Town láyé àtijọ́ nítorí àwọn èèyàn wa tó tẹ̀dó síbẹ̀. Hausa là ń sọ ní títì, Twi àti Ga lọ́jà, Yorùbá nínú agbo ilé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, aṣọ àti wósìwósì ló ń tà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ sílé. Bàbá mi ní ìwé tirẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ kò ní. Wọ́n ta ọjà wọn ní ìtakúta, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Àtìgbà náà ni ilé wa ti di ilé lẹ́tà. Mo ti fọ́jú nígbà yẹn. Àìsàn kan tó máa ń sú sí ọmọdé lára ló gba ojú mi kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Èmi nìkan kọ́ ni afọ́jú àdúgbò. Àwọn mìíràn ti àríwá wá, láti abúlé etí odò Volta, níbi tí eṣinṣin odò ti ń fọ́ odidi agbo ilé lójú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètò ìgbógunti àìsàn náà ní 1974.

Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ bá irú wa sọ̀rọ̀ ní Accra ni rédíò. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1935 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ZOY, nígbà Gómìnà Arnold Hodson. Wáyà ni wọ́n fi ń fa ohùn rẹ̀ wọ inú àpótí tó wà nílé àwọn tó bá lè sanwó. Wọn ò tíì bí mi. Èyí tí mo bá nílé ni rédíò bàbá mi, tí a fi ń gbọ́ ètò BBC Hausa, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1957, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí Ghana gba òmìnira. Nǹkan méjì ni a ń yí níwájú rẹ̀. Èyí tó wà lọ́tùn-ún ń wá ìlú, èyí tó wà lósì ń gbé ohùn sókè. Ibi tí mo bá wọn nígbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n wà títí tí rédíò náà fi jóná.

Wọ́n mú mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú ní Akropong-Akuapem, èyí tí ìjọ Presbyterian dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Ọmọ mùsùlùmí ni mí; bàbá mi ní kí n gba ìwé wọn, kí n fi orin wọn sílẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ Braille. Ohun tí mo bá fi tóótòòtó mẹ́fà rẹ̀ kọ, kò sẹ́ni tó lè kà á nílé wa, ìyẹn sì dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi Braille kọ lẹ́tà sí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́? Àṣírí tí mo kọ sílẹ̀ wà ní ìpamọ́, èyí tó ń wọlé bọ̀ ṣì ń gba ẹnu ọmọ kọjá.

Kásẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ gbà wá díẹ̀. Dípò kí wọ́n kọ lẹ́tà, àwọn ará ilé a jókòó yí ẹ̀rọ ká, wọn a sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọn a fi rán ẹni tó ń bọ̀ ní Accra. Mo gbọ́ ikọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi nínú kásẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé ara rẹ̀ ò yá. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá gbọ́ tirẹ̀ á dúró di òru.

Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, tí Nokia 1100 jáde ní 2003, tí gbogbo Mamobi sì ń lo irú fóònù tí wọ́n ń pè ní yam, inú àwa afọ́jú dùn. Kókó kékeré kan wà lórí bọ́tìnnì 5. Ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ bá ti bá kókó yẹn, ó ti mọ ibi tí gbogbo nọ́ńbà yòókù wà. A ń pe ẹni tí a fẹ́ pè. Ọ̀nà tí a ń gbà dé inú fóònù, orí la fi ń kà á: tẹ ti òkè, lọ sísàlẹ̀ báyìí, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnìkan a kọ́ ọ lónìí, a kọ́ ẹlòmíràn lọ́la, ohun tó kọ́ ọ kò sì ní yí padà títí fóònù náà yóò fi bọ́ sómi. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni kò ṣeé dá kà. Bó bá ti dún, a ó pe ọmọ.

Jámánì ni ohùn ti wọ inú fóònù. Àwọn kan níbẹ̀ ṣe ohùn kan tí wọ́n ń pè ní Talks fún fóònù Nokia tó ń lo ètò Symbian, ilé-iṣẹ́ Nuance ló wá ń tà á lẹ́yìn náà. Ní Barcelona, Code Factory ṣe Mobile Speak. Ọ̀wọ́n ni àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù ni wọ́n so àṣẹ Talks mọ́, tí olè bá gbé fóònù rẹ ní Circle, níbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Accra, ohùn rẹ bá a lọ. Èyí tó dé ọwọ́ mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní London ló lò ó kù: Nokia E51, ó ti bá mi san owó ohùn rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi etí ara mi kà ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò aṣọ kan wá, ó ń rán mi létí owó rẹ̀. Gbèsè ni, àmọ́ gbèsè tí èmi nìkan mọ̀. Ọmọ tó ń kàwé fún mi nígbà náà dijú mọ́rí sí mi fún ọjọ́ mélòó kan. Ó rò pé mo ti rí ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ yí ohun tó wà nínú fóònù yẹn padà á wá kọ̀ǹpútà, á wá okùn, á wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ta ló ráyè ìyẹn ní Mamobi? Bó ṣe sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbà á ló ṣe ń sọ̀rọ̀ títí mo fi gbé e jù sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò dára, ó ń pe orúkọ wa bí òyìnbó tó ń jẹ iṣu gbígbóná. Mi ò bínú sí i.

Ayé ló tú u ká. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, Nokia kéde pé òun àti Microsoft yóò jọ máa ṣe, Symbian sì di ohun àtijọ́. Àwa ṣì ń lò ó lọ, nítorí pé ohun tó bá ń sọ̀rọ̀ kì í di àtijọ́ létí afọ́jú. Ohun tó wá lé wa kúrò nídìí rẹ̀ ni WhatsApp, tó dáwọ́ dúró lórí Symbian ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2017. Gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà lórí WhatsApp nígbà náà, wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ bíi ti ayé kásẹ́ẹ̀tì. Ó di dandan kí a ra fóònù olójú dídán, tí kò ní bọ́tìnnì, tí kò ní kókó lórí 5.

Ẹ jẹ́ kí n má fi òótọ́ pamọ́. Afọ́jú wà lára àwọn tó jẹ́ kí fóònù olójú dídán ṣeé lò. Nígbà tí Apple fi VoiceOver, ohùn tiwọn, sí iPhone 3GS ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, ìyẹn kọjá agbára wa. Ní Google, T. V. Raman, ọmọ India tó fọ́jú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, àti Charles Chen ń ṣiṣẹ́ lórí ti Android lọ́dún kan náà. Wọ́n rò ó dáadáa: nínú ẹ̀rọ ìpè tí wọ́n ṣe, ibikíbi tí ìka rẹ bá kọ́kọ́ bà lójú fóònù ni 5, nọ́ńbà yòókù á tò yí i ká. Ẹni tí kò ríran ló lè ro irú èyí. Nígbà tí Android 4.0 jáde ní 2011, afọ́jú lè dá fóònù tuntun tirẹ̀ jí: kí ó fi ìka ya igun mẹ́rin lójú rẹ̀, TalkBack, ohùn tó ń ka ojú fóònù Android, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Igun mẹ́rin yẹn la kọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí a gbé ìka méjì lé e kí a má gbé e kúrò. Àwọn tó mọ ti igun mẹ́rin ń ya igun títí, fóònù ò dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà wọ́n tún ní kí a di bọ́tìnnì ohùn méjèèjì mú, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Èyí dára jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan tó fi ìwé ránṣẹ́ sí wa kó tó dé. Ẹnu dé ẹnu ni wọ́n fi dé Mamobi, ìròyìn kan a sì bá fóònù tí kò bá a mu. Ní 2021, TalkBack 9.1 dé, ó kó oríṣiríṣi nǹkan tí ìka kan ń ṣe fún ìka mẹ́ta, kìkì lórí fóònù tó bá ti ní Android 11. Mo ń kọ́ ọmọbìnrin kan lọ́sẹ̀ yẹn, tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Fóònù tèmi ti gbà á, tirẹ̀ tó rà ní àlòkù kò gbà á. Mo ní kó fi ìka mẹ́ta kan ojú fóònù, tirẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ó rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibi tí wàhálà ti ń wá kò ṣòro láti mọ̀. Àwòrán tí ẹ̀yin ń rí lójú áàpù, TalkBack ò rí i. Orúkọ tí ẹni tó ṣe áàpù kọ mọ́ àwòrán náà lábẹ́lẹ̀ ló ń kà. Bí wọ́n bá tún áàpù náà ṣe, tí wọ́n fi àwòrán tuntun rọ́pò, tí wọn ò sì rántí kọ orúkọ mọ́ ọn, àwòrán a dára sí i lójú olójú, a sì di bọ́tìnnì tí kò lórúkọ létí wa. Ohun tí ohùn náà á máa sọ ni pé “unlabelled, unlabelled”, bí ẹni ń ka ẹran nínú agbo. Èwo ni fi ránṣẹ́, èwo ni pa á rẹ́? Ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú ní Amẹ́ríkà, National Federation of the Blind, ti sọ èyí ní ìpàdé wọn ní Orlando ní 2014: wọ́n ní kí Apple ṣe òfin tí kò ní jẹ́ kí áàpù tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ di odi nítorí update. Àwọn tó sún mọ́ Apple nìyẹn, tí wọ́n sì gbọ́ èdè wọn. Ní Ghana, a ní òfin tiwa fún àwọn abirùn, Act 715 ti 2006, tó fún àwọn onílé gbogboogbò ní ọdún 10 láti ṣe ọ̀nà tí abirùn lè gbà wọlé. Òfin dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ronú nígbà náà pé inú fóònù ni ilé owó yóò kó wá.

MoMo, owó orí fóònù, ló sì kó o wá. MTN bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ghana ní oṣù Keje ọdún 2009, kò sì pẹ́ tí owó iyọ̀ fi ń gba orí fóònù. Ṣáájú kí fóònù mi tó lè kà á, mo ń sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi sétí ọmọ tó ń ṣe MoMo lábẹ́ agbòjò. Olóòótọ́ ni. Àmọ́ ẹni mélòó ló jókòó tì í? Nígbà tí fóònù wá ń kà á, mo fi íápíìsì sétí, mo ń tẹ nọ́ńbà mi, ohùn náà ń sọ pé “dot, dot” bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ kan, áàpù owó kan tí n kò ní dárúkọ gba update, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà náà síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iwájú ìsọ̀ ẹlẹ́ran ni mo wà, íápíìsì mi wà nílé. Ẹlẹ́ran bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Alfa, ẹ ṣọ́ ọ o, mo ti gbọ́ méjì.”

Èyí tó burú jù ni ìdákẹ́. Fóònù kan tí mo lò gba update lóru, kò bi mí. Nígbà tí mo jí fún Àsúbà, mo fọwọ́ kàn án, kò sọ nǹkan. Afọ́jú tí fóònù rẹ̀ bá dákẹ́ kò mọ̀ bóyá ó kú ni, bóyá iná ló tán, tàbí ohùn nìkan ló lọ. Mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó gbọ̀n, nítorí náà ó wà láàyè. Mo di bọ́tìnnì ohùn méjèèjì mú, ó tún gbọ̀n, tó fi hàn pé TalkBack ti gbọ́ mi. Mo fi ìka gbá ojú rẹ̀ lọ sí ọ̀tún, mo gbọ́ ìró kékeré tó máa ń ṣe nígbà tó bá kúrò lórí nǹkan kan bọ́ sórí òmíràn. Ó ń rìn, ó ń ṣiṣẹ́, ẹnu ni kò ní. Èyí burú ju kí TalkBack kú pátápátá lọ, nítorí bó bá kú, olójú á mú un, á lò ó bí ó ṣe máa ń lo tirẹ̀. Bó bá wà láàyè láìní ohùn, olójú pàápàá kò mọ̀ ọ́n lò: ó fi ìka kan án lẹ́ẹ̀kan, kò ṣí, ó fà á, kò fà. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú mọ́lẹ̀.

Mo gbé e lọ sí Circle, ní Tiptoe Lane, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà á ní ọwọ́ tó yá. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí n sọ nọ́ńbà tí a fi ń ṣí i. Mo sọ ọ́, láàárín àwọn èèyàn. Ó wọlé, ó ń wá ibi tí ohùn wà, bó ṣe ń wá a ló ń ka ohun tó ń bọ́ sójú fóònù fún mi, oore ló rò pé òun ń ṣe: ìyá báyìí ń béèrè owó ilé-ìwé, báńkì ní ó ku báyìí, ẹnìkan tí kò ní orúkọ ní kí n pe òun. Update náà ti nu èdè tí ohùn ń lò dànù, ó kù kí wọ́n tún un fà wálé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí ohùn fi dé. Mo sanwó, mo dúpẹ́. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ó ti ka lẹ́tà mi.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, àwọn olójú tọ́ díẹ̀ wò nínú ohun tí à ń jẹ. Update kan sí Android System WebView, ohun kan nínú fóònù Android tí oríṣiríṣi áàpù ń lò, mú kí oríṣiríṣi áàpù, títí kan Gmail, máa ṣubú lulẹ̀ káàkiri ayé bí èèyàn bá ti ṣí wọn. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, Google ti tún un ṣe. Ìyẹn ni ohun tí mo ń rò nígbà tí wọ́n bá ní kí n ní sùúrù: bó bá kan gbogbo èèyàn, ọjọ́ kan ti pẹ́ jù, bó bá kan àwa nìkan, ó lè di update mìíràn, tàbí èyí tó tẹ̀lé e.

Bí update kò bá sì dé rárá ńkọ́? N kò lè sọ pé kó má dé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ohun kan gba ọ̀nà update wọlé tí kò sí nínú fóònù rí: pátákó Braille nínú TalkBack. O ó dá fóònù ní ìbú, kọ ojú rẹ̀ sí iwájú, kí ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún àti mẹ́ta ti òsì bà lé e láti ẹ̀yìn. Ìka mẹ́fà, tóótòòtó mẹ́fà. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ní Akropong padà sọ́wọ́ mi. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọkọ̀ láìla ẹnu, ẹni tó jókòó tì mí rò pé mo kàn di fóònù mú ni. Àmì ohùn Yorùbá ò wọ inú rẹ̀ dáadáa, àwọn ará ilé sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ni ìyẹn já mọ́?

Nítorí náà a ti dá àṣà kan sílẹ̀. Àwa afọ́jú tí a ń pàdé lẹ́yìn ìrun Alaásárì, kò sẹ́ni tó ń gba update nínú wa kí Sàníù tó gbà á. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ́ ni, fóònù méjì ló ní, ó sì fẹ́ràn wàhálà. Gbogbo wa ti mú kí ọmọ wa pa update tó ń dá ara rẹ̀ wọlé. Bí tuntun bá dé, Sàníù á gbà á sórí fóònù rẹ̀ kejì, á sì dán an wò bí a ṣe tò ó: Ṣé ó ń pe orúkọ ẹni tó ń pe ọ́ kó tó dún tán? Ṣé ọ̀nà tí a fi ń gbé ìpè ṣì wà níbi tó wà? Ṣé ó ń pa ẹnu mọ́ nígbà tí a bá ń tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀? Ṣé pátákó Braille ṣí? Bó bá dán wọn wò tán, á wá sọ fún wa lórí ẹní. Ti oṣù tó kọjá kùnà nídìí ẹ̀kẹta, a ní kó má wulẹ̀ dán ẹ̀kẹrin wò.